"Àjọṣe" kọ́ ni gbogbo wọn o: orúkọ tó yẹ EEIG, SE àti SCE

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ka àbá tó ní ká máa pe gbogbo ilé-iṣẹ́ tí òfin Yúróòpù dá sílẹ̀ láti ṣòwò kọjá bodè ní "ilé-iṣẹ́ àjọṣe Yúróòpù". Èmi ò fara mọ́ ọn rárá, torí ó kó EEIG (ẹgbẹ́ tí àwọn oníṣòwò láti orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fi ń ti iṣẹ́ ara wọn lẹ́yìn), SE (kọ́ńpìnnì tó ń ta ìpín) àti SCE (ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù) sápò kan, bẹ́ẹ̀ ẹni tó máa san gbèsè nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yàtọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká mú EEIG, òun ni ẹ̀gbọ́n, òfin 1985 ló bí i, 1989 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kì í wá èrè fún ara rẹ̀, iṣẹ́ àwọn tó dá a sílẹ̀ ló wà láti tì lẹ́yìn, kò pọn dandan kó ní owó ìdásílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gba ju òṣìṣẹ́ 500 lọ. Arte, tẹlifíṣọ̀n tí Faransé àti Jámánì jọ ń ṣe ní Strasbourg, irú ẹ̀ ni. Ẹnì kan wá ní ká pè é ní "àáró". Ó dùn létí ṣá, àmọ́ tí mo bá bá ẹ ro oko lónìí tó o bá mi ro tèmi lọ́la, kò sẹ́ni tó máa torí ẹ̀ wá sìn mí ní gbèsè tó o jẹ. Ní EEIG, tí ẹgbẹ́ ò bá rí owó san, ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè lè di ọmọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo mú pé kó san gbogbo ẹ̀, ì báà jẹ́ pé èyí tó wà ní Brussels ló tọrùn bọ gbèsè tó sì jẹ́ pé èyí tó wà ní Lisbon ló lówó lọ́wọ́. Láyé àwọn bàbá wa, ológò ì bá ti tẹ́ ẹní síwájú ilé ẹ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní "ẹgbẹ́ onígbọ̀wọ́-ara-wọn ti Yúróòpù". Ó gùn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ "onígbọ̀wọ́" ò ní sáré tọwọ́ bọ̀wé.

SE ò jọ ìyẹn rárá. Ìpín ni wọ́n ń tà níbẹ̀, ohun tí onípìn-ín lè pàdánù ò ju owó tó fi ra ìpín lọ. Owó ìpín ẹ̀ ò gbọdọ̀ dín ní 120,000 yúrò, èèyàn lásán bíi tiwa ò sì lè dá a sílẹ̀, àfi àwọn kọ́ńpìnnì tó ti wà tẹ́lẹ̀. Àwọn tó pè é ní "kọ́ńpìnnì aláìnílùú" ṣì í pè, ó nílùú o! Orílẹ̀-èdè tí olú ilé-iṣẹ́ ẹ̀ bá wà, ibẹ̀ náà ló gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀. Allianz, ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò Jámánì, di SE ní 2006, Munich ló ṣì wà. SAP, ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwíà Jámánì, di SE ní 2014, kò kúrò ní Walldorf.

Orúkọ mìíràn tí wọ́n dá lábàá fún SE, "Aṣíláìtú", wù mí díẹ̀, torí òótọ́ ni pé SE lè ṣí láti Jámánì lọ sí Faransé láìtú ká, àmọ́ òfin Yúróòpù ti 2019 ti ṣílẹ̀kùn yẹn fún kọ́ńpìnnì yòókù náà, kí wá ni orúkọ yẹn fi máa yà á sọ́tọ̀? "Kọ́ńpìnnì onípìn-ín ti Yúróòpù" ni tèmi, ká má sì yọ SE kúrò lára orúkọ, òfin fúnra ẹ̀ ló ní kó wà níbẹ̀.

SCE ò fẹ́ ariwo. Èèyàn márùn-ún láti orílẹ̀-èdè méjì lè dá a sílẹ̀, 30,000 yúrò ni owó ìdásílẹ̀ tó kéré jù. Alájẹṣẹ́kù Yúróòpù ni, ó tán. Ẹni tó ní "aláfọwọ́sowọ́pọ̀" ló bá ìwé mu jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dé ọjà Bódìjà kẹ́ ẹ bi àwọn ìyá ọlọ́jà léèrè èwo ni wọ́n ń dáwó sí.