Ẹ bá mi dá sí i: orin wo ni kí n tò fún ọjọ́ Kérésìmesì ilé wa?

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Ọ̀dọ̀ wa ní Bódìjà ni gbogbo ẹbí ń kó wá fún Kérésì tọdún yìí. Màmá ọkọ mi ń bọ̀ láti Òkè-Àdó. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, etí wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ràn tó orin ìsìn. Bí ẹ bá dá orin kan sílẹ̀ nínú ìwé orin, wọ́n á gbé ohùn kejì sí i láìwo ìwé. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń bọ̀ láti Èkó, ọ̀dọ́langba ni wọ́n. Àbúrò ọkọ mi obìnrin tó fẹ́ Mùsùlùmí náà máa kó ìdílé rẹ̀ wá jẹun lọ́sàn-án, bí àwa náà ṣe máa ń lọ bá wọn jẹ ẹran Iléyá.

Lọ́dún tó kọjá, ẹni tí fóònù rẹ̀ bá ti já mọ́ sípíkà ló ni orin. Kí ó tó di agogo mẹ́ta ọ̀sán, àwọn àgbà ti dìde wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ó dùn mí gan-an, nítorí ọjọ́ tí gbogbo wa ń rí ara wa kò pọ̀ lọ́dún.

Kì í ṣe orin tó gbajúmọ̀ jù ni mò ń wá o. Èyí tí ẹ̀yin fúnra yín máa ń gbọ́ nílé yín lọ́jọ́ Kérésì ni kí ẹ sọ fún mi, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí nínú rẹ̀ àti àsìkò tí ẹ máa ń fi sí i. Ọmọkùnrin mi ń kọ́ gìtá, bí ẹ bá mọ èyí tí òun náà lè ta, ẹ bá mi dárúkọ rẹ̀. Inú fláàṣì ni mo fẹ́ dà wọ́n sí, nítorí ọ̀rọ̀ iná àti dátà.

Bàbá Onídùùrù

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àmójútó ilé. Ẹ jẹ́ kí a ti ọ̀dọ̀ Màmá bẹ̀rẹ̀.

Àwọn orin Kérésì tí a jogún lọ́wọ́ àwọn òyìnbó dùn, èmi náà sì ń tẹ̀ wọ́n lórí dùùrù lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ohùn tí wọn kò ṣe fún èdè wa ni a gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ kó ròkè, orin á gbé e lọ sísàlẹ̀, ẹni tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ kò ní mọ ohun tí wọ́n ń wí. Thomas Ekundayo Phillips, tó jẹ́ onídùùrù ní Kàtídírà Christ ní Màríńà Èkó láti 1914 títí di 1962, ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí èyí. Orin ìbílẹ̀ tí ohùn rẹ̀ ń tẹ̀ lé bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ akọrin wa lónìí. Irú èyí ni kí ẹ wá fún Màmá, torí ẹni tí etí rẹ̀ ti ń rẹ̀ á tètè mú un. Ẹ bi ọ̀gá akọrin ìjọ yín, púpọ̀ nínú wọn ló ní orin tí wọ́n kọ lọ́jọ́ ìsìn Kérésì nínú fóònù.

Lówùúrọ̀ kùtù, kí ilé tó jí, African Suite ti Fela Sowande ni èmi máa ń fi sí i. (Kì í ṣe Fela Aníkúlápó o.) Ó kọ ọ́ ní 1944 fún àwọn ohun èlò olókùn, ó sì wá ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn wa yìí lẹ́yìn náà, ní àwọn ọdún 1960. Kò ní ọ̀rọ̀ nínú, kì í ṣe orin Kérésì, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kí n ronú, kí n sì dúpẹ́. Ọbáńgíjì tó kọ fún dùùrù náà ńkọ́, ẹ wá a.

Bí ẹ bá fẹ́ Messiah, orin ìsìn gígùn alápá mẹ́ta ti Handel, ẹ má sáré lọ sí Hallelujah. Ìparí apá kejì nìyẹn wà. Apá kìn-ín-ní ló sọ ti ìbí Olúwa, ibẹ̀ ni For unto us a child is born wà. Ẹ gbọ́ bí àwọn ohùn ṣe ń lé ara wọn níbẹ̀ títí gbogbo wọn á fi pàdé.

Ọmọ Mókọ́lá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Mo júbà Bàbá Onídùùrù, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ ọdún di ìsìn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ nílò Boney M. Ládùúgbò wa, tí a kò bá tíì gbọ́ wọn, Kérésì kò tíì dé. Jámánì ni wọ́n ti kó ẹgbẹ́ náà jọ. 1981 ni àwo Kérésì wọn jáde, ṣùgbọ́n Mary's Boy Child ti jáde láti 1978.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé Jester Hairston, adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, ló kọ orin náà, Harry Belafonte sì ti gbé e jáde láti 1956. Ti Belafonte ni kí ẹ fi sí i nígbà tí Màmá bá jókòó. Ó rọra ń lọ, ọ̀rọ̀ ń jáde ketekete. Ẹ fi ti Boney M pamọ́ di ìgbà tí ìrẹsì bá délẹ̀, tí ijó bá ń gbé àwọn ọmọ. Orin kan náà ni, nítorí náà àwọn àgbà á mọ̀ ọ́n, àwọn ọmọ á mọ̀ ọ́n, kò ní sí ẹni tó máa wò bí àlejò.

Nọ́ọ̀sì Sáńgo

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó da ohunkóhun sínú fláàṣì, ẹ gbọ́ ti etí Màmá. Bí ọjọ́ orí bá ti dé, ohùn tínrín tó ròkè ni etí kọ́kọ́ máa ń pàdánù. Inú irú ohùn bẹ́ẹ̀ ni s àti f àti ṣ wà, àwọn tó ń jẹ́ kí a mọ ọ̀rọ̀ kan yàtọ̀ sí òmíràn. Ẹ lè mú sípíkà lọ sókè títí tí fèrèsé á fi máa gbọ̀n, ariwo ni Màmá máa gbọ́, wọn kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀. Ìdí tí wọ́n fi dìde lọ́dún tó kọjá lè jẹ́ ìyẹn, kì í ṣe pé wọ́n bínú sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ dín básì kù. Ẹ gbé sípíkà sún mọ́ wọn, kó ga tó ibi tí etí wọn wà, ẹ má gbé e sábẹ́ tábìlì. Ẹ pa fáànù tó bá ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Jẹnẹrétọ̀ pàápàá, ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé, tìtorí ariwo àti tìtorí èéfín rẹ̀ tó lè pa ènìyàn.

Orin tèmi ni Twelve Songs of Christmas ti Jim Reeves. 1963 ló gbé e jáde, ọkọ̀ òfuurufú já pẹ̀lú rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bàbá mi ní àwo yẹn. Ohùn ọkùnrin kan tó jinlẹ̀, ohun èlò kò bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn aláìsàn àgbà tí mo tọ́jú, èyí ni wọ́n máa ń tẹ̀ lé pẹ̀lú ètè wọn.

Alákásẹ́ẹ̀tì Dùgbẹ̀

Ẹ ti rin ayé já, ẹ kò tíì dárúkọ orin ilé. C.A.C. Good Women Choir, Ìbàdàn níbí, tí Màmá D. A. Fasoyin darí. Ọdún Ń Lọ Sópin. Mo ta kásẹ́ẹ̀tì ní Dùgbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bí oṣù Kọkànlá bá ti wọlé, òun ni oníbàárà ń béèrè, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì. Àwọn kan á ra tuntun torí pé ti tẹ́lẹ̀ ti gbó. Ohùn àwọn ìyá ni, ohùn ẹni tó bí ọmọ, tó sì ń gbàdúrà kí gbogbo wọn rí ọdún tuntun. Ìyá Ìbejì, fláàṣì tí kò bá ní i, kò tíì kún.

Ìyàwó Pásítọ̀ Challenge

Mo fẹ́ràn orin náà dọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, orin alẹ́ ọjọ́ Kọkànlélọ́gbọ̀n ni. Ẹni ń ka oore ọdún ló ni ín, pẹ̀lú ẹni ń bẹ̀bẹ̀ kí aburú má wọlé bí ọdún ṣe ń parí. Ìbí Olúwa ni a ń yọ̀ sí lọ́jọ́ Kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Bí ẹ bá fi í sí i láàárín oúnjẹ, àwọn àgbà á bẹ̀rẹ̀ sí í rántí àwọn tí kò sí mọ́.

Alákásẹ́ẹ̀tì Dùgbẹ̀

Mà, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n ìrántí wọn náà wà nínú ọdún. Ẹni tó bá jókòó nídìí oúnjẹ, tí àga kan ṣófo níwájú rẹ̀, ti ń rántí kí orin tó dé.

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Ẹ ti fọwọ́ kan ibi tí n kò fẹ́ sọ. Bàbá ọkọ mi papò dà lóṣù Kẹta ọdún yìí. Kérésì àkọ́kọ́ tí Màmá máa ṣe láìsí wọn nìyí. Bàbá kì í gbọ́ orin ìsìn púpọ̀, I. K. Dairo ni tiwọn, wọ́n á fi ọwọ́ gbá apá àga bí ìlù. N kò mọ̀ bóyá kí n fi í sí i tàbí kí n yọ ọ́ kúrò pátápátá.

Alhaja Ọ̀jẹ́

Ọmọ mi, Ọlọ́run á tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ kú ìrọ́jú.

Má ṣe dá ìpinnu yẹn ṣe nínú yàrá. Lọ sí Òkè-Àdó kí ọjọ́ tó pé, jókòó ti Màmá, kí o bi wọ́n pé: “Mà, ṣé kí n fi orin Bàbá sí i?” Bí wọ́n bá ní rárá, ó tán. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, bi wọ́n léèrè àsìkò tí wọ́n fẹ́. Nígbà tí ọkọ tèmi kú, wọ́n ń fi orin rẹ̀ pamọ́ fún mi nínú ilé ara mi, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni mo fẹ́ gbọ́. Kò sí ẹni tó bi mí.

Ní ti àna yín tó jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ má ṣe dààmú kọjá ààlà. A mọ̀ pé ọdún yín ni, a kò wá fún ọdún wa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi Dauda Epo Akara sí i lọ́sàn-án, ọkọ àbúrò yín á mọ̀ pé ẹ rántí òun. Ọmọ Ìbàdàn ni, inú wéré tí wọ́n fi ń jí wa sí sàárì nínú ààwẹ̀ ni orin awúrebe rẹ̀ ti jáde. Àwọn àgbà ìdílé ọkọ yín náà á mọ̀ ọ́n.

Àwọn ọmọ Èkó yẹn, ẹ ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan mú orin kan wá, kó jókòó ti ìyá àgbà, kó ṣàlàyé ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́.

Alákásẹ́ẹ̀tì Dùgbẹ̀

Mo fara mọ́ Alhaja. Bí Màmá bá gbà, ẹ wá orin Dairo tí dùùrù ọlọ́wọ́ rẹ̀ dún dáadáa nínú rẹ̀, àkọ́díọ̀nù yẹn ni wọ́n fi ń mọ Dairo láàárín àwọn onijùjú. Ìjọba òyìnbó fún un ní oyè MBE ní 1963. Ọmọ ìjọ aládùúrà ni, nítorí náà ẹ lè rí èyí tí Màmá náà á fi gbé ohùn kejì sí i.

Ní ti fláàṣì: MP3 ni kí gbogbo wọn jẹ́, kí ẹ fi FAT32 (irú ètò tí fláàṣì fi ń to fáìlì) ṣètò fláàṣì náà, torí ọ̀pọ̀ sípíkà kékeré kì í ka òmíràn. Ẹ pín wọn sí fódà, òwúrọ̀ lọ́tọ̀, oúnjẹ lọ́tọ̀, ìrọ̀lẹ́ lọ́tọ̀. Ẹ dán an wò lórí sípíkà yẹn gan-an kó tó di ọjọ́ náà.

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo pe Màmá lánàá, n kò lè dúró di ìgbà tí mo máa dé ọ̀hún. Wọ́n ní kí n fi Dairo sí i lẹ́yìn oúnjẹ, kí n má fi í sí i lówùúrọ̀. Wọ́n sì ní Ọdún Ń Lọ Sópin, kí a fi í sílẹ̀ di alẹ́ àìsùn, àwọn ṣì wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ìyàwó Pásítọ̀, ẹ jàre.

Ó ku ti ọmọ mi onígìtá. Bàbá Onídùùrù, èwo ni kó kọ́ tí kò ní ṣòro jù?

Bàbá Onídùùrù

Silent Night. Gìtá gan-an ni wọ́n fi kọ ọ́ nígbà àkọ́kọ́, ní ìlú Oberndorf ní Austria, lálẹ́ ọjọ́ Kẹrìnlélógún oṣù Kejìlá ọdún 1818. Joseph Mohr tó jẹ́ àlùfáà ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Franz Xaver Gruber ló fún un ní ohùn.

Kọ́ọ̀dù mẹ́ta ti tó o: G, C àti D. Kó fi G ṣe ilé, kó má fi C ṣe é bí ọ̀pọ̀ ìwé ṣe kọ ọ́. Ìdí ni pé orin náà ń ròkè gan-an sápá ìparí, bí ó bá sì wà ní C, ohùn Màmá kò ní lè dé ibẹ̀ mọ́. Ní G, á rọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọ́n á sì rí àyè fún ohùn kejì wọn. Kó máa ka mẹ́fà mẹ́fà, kó rọra ta á, kó má sáré. Bí ó bá há níbìkan, kó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí WhatsApp, kó fi ránṣẹ́ sí mi. Alẹ́ ni mo máa ń ráyè gbọ́ ọ.