Ṣé èsì PISA ló bí àtúnṣe ẹ̀kọ́ ní Jámánì lóòótọ́?

Ẹ̀yin olùkọ́ àti onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́, mo kí yín o. Mo ń ṣe ìwádìí kan lọ́wọ́, mo sì nílò ìrànlọ́wọ́ yín. Nígbà tí èsì àkọ́kọ́ PISA, ìdánwò tí wọ́n fi ń fi ìmọ̀ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ wé ara wọn, jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2001, tí àwọn ọmọ ọdún 15 ní Jámánì gba máàkì 484 nínú ìwé kíkà, tí ìpíndọ́gba sì jẹ́ 500, ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n wọra. Ní 2003, ìjọba àpapọ̀ ya bílíọ̀nù 4 Yúrò sọ́tọ̀ kí ilé ẹ̀kọ́ lè máa gba ọmọ títí di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n àṣà yíya ọmọ ọdún 10 sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí eléyìí lọ sí Gymnasium (ilé ẹ̀kọ́ girama tó ń múni lọ sí yunifásítì), kí tọ̀hún gba ibòmíràn lọ, kò kúrò nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ èsì kan náà ló fi hàn bí ipò òbí ṣe ń pinnu ipò ọmọ. Èyí ká mi lára púpọ̀.

Àwọn mínísítà ẹ̀kọ́ ti fẹnu kò ní ìlú Konstanz ní 1997 pé àwọn yóò kópa nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni mo ṣe lè ya àtúnṣe tí èsì náà bí sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí wọ́n ti ń gbèrò tẹ́lẹ̀, àkọsílẹ̀ wo ni kí n sì kọ́kọ́ yẹ̀ wò?