Ọmọ mi ń mí hẹlẹhẹlẹ, ṣé kí n dúró di àárọ̀?

Ìyá Àkọ́bí, Òkè-Fìà: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ìyá. Ọmọ oṣù mẹ́rin ni tèmi. Ọjọ́ kẹta rèé tí òfìnkìn ti mú un, ikọ́ sì tẹ̀ lé e. Mo ka èémí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó jẹ́ 64, àmọ́ ó ń sunkún nígbà yẹn. Ìyá ọkọ mi ní ọyẹ́ ni, kí n fún un ní oyin díẹ̀. Oorun ò kùn mí rárá.

Ìyá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un lóyin! Ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan kì í lá a. Ẹ má fi róòbù sí i nímú náà.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. 64 yẹn ò ṣeé gbára lé, ẹkún a máa mú èémí yára. Ẹ kán omi iyọ̀ ìkánmú tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì sí i nímú, kí ẹ fa ikun jáde, torí imú ni ọmọ ọwọ́ fi ń mí jù. Tó bá ti fara balẹ̀, ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè níbi tí iná ti mọ́lẹ̀. Ìgbàkígbà tí ikùn bá wú sókè, ẹyọ kan nìyẹn. Odidi ìṣẹ́jú kan ni kí ẹ fi kà á. Ẹ má ka ìdajì kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, èémí wọn kì í lọ déédéé. Láti oṣù méjì dé mọ́kànlá, 50 sókè ti yára jù. (Tí kò bá tíì pé oṣù méjì, 60 ni.) Ṣé abẹ́ ìhà ń wọnú? Ọmú ńkọ́? Ìtọ̀ ńkọ́?

Ìyá Àkọ́bí: Ó ti sùn, mo kà á: 58. Abẹ́ ìhà ń wọnú. Bó bá fa ọmú lẹ́ẹ̀mẹta, á fi sílẹ̀. Láti àárọ̀, Pampers kan péré ló tọ̀ sí.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé: Ẹ má dúró di àárọ̀ o. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ nísinsìnyí. Ẹ gbé e nàró mọ́ àyà yín, kí ẹ máa wo àwọ̀ ahọ́n rẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwa aláwọ̀ dúdú, inú ẹnu ló ti máa ń hàn jù bí atẹ́gùn ò bá tó.

Ìyá Àkọ́bí: Ẹ káàárọ̀. Ẹ̀rọ tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ka 88 nínú ọgọ́rùn-ún, ni wọ́n bá fún un ní ọ́síjìn. Wọ́n ní fáírọ́ọ̀sì ló wọ àwọn ọ̀nà èémí rẹ̀ tó tín-ín-rín, pé oògùn apakòkòrò ò ràn án, wọn ò sì fún un. Ìyá ọkọ mi ló gbé báàgì wa. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ọmú kan tán.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé: Ẹ kú ewu! Ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún ló máa ń le jù, bí wọ́n bá ní kí ẹ ṣì dúró, ẹ bá wọn dúró.