Ẹnu bàbá ọkọ mi ń rùn, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyàwó Àkọ́bí, Ṣómólú: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará ilé. Bàbá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, ẹnu wọn sì ń rùn fìì bí ìtọ̀ àná. Mo ra búrọ́ọ̀ṣì, mo ra orín, pàbó. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wá láti Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n di imú lójú àlejò, wọ́n ní mi ò tọ́jú bàbá àwọn. Èmi tí mò ń se ọbẹ̀ aláìníyọ̀ lọ́tọ̀! Bàbá ní ẹnu ń gbẹ àwọn, oúnjẹ sì ń ṣe bí irin lẹ́nu àwọn. Eyín kan tún ń mì, a máa yọ ọ́ ní Ìṣẹ́gun. Kí ni kí n lò sí òórùn yìí?

Màmá Ìbejì: Orogbo láàárọ̀. Ti ọkọ tèmi, ọtí ni, mo ti sọ̀rọ̀ títí ó sú mi.

Bọ̀dá Agége: Kí wọ́n mu omi dáadáa, àti omi àgbọn. Bí eyín bá ń dùn wọ́n, ibuprofen.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ẹ dúró ná. Kí ló dé tí ọbẹ̀ kò fi níyọ̀? Àìsàn wo ló ń ṣe bàbá?

Ìyàwó Àkọ́bí: Ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo bi yín o. Kíndìnrín ni, wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ wọn ní Ìṣẹ́gun àti Ẹtì. Àwọn ará ilé ọkọ mi kò fẹ́ kí ayé gbọ́.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Háà! Ẹ gbé omi àgbọn yẹn kúrò. Èròjà kan tó ń jẹ́ potassium pọ̀ nínú ẹ̀, kíndìnrín tó ti kọṣẹ́ kò lè lé e jáde, ó sì lè da lílù ọkàn rú. Ibuprofen náà, rárá. Òórùn yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí: ùríà, pàǹtí inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kí kíndìnrín lé jáde sínú ìtọ̀, ló ń bọ́ sínú itọ́ ẹnu, kòkòrò ẹnu wá ń sọ ọ́ di amóníà tó ń rùn bí ìtọ̀. Itọ́ wọn gan-an ti dínkù, ló fi ń gbẹ.

Bọ̀dá Agége: Ṣé aláfọ̀ṣẹ ni mí ni? Ta ló dárúkọ kíndìnrín tẹ́lẹ̀?

Màmá Ìbejì: Ẹ fi Bọ̀dá sílẹ̀ jàre.

Ìyàwó Àkọ́bí: Wọ́n ti fi òdiwọ̀n sí omi wọn, ṣùgbọ́n àánú ń ṣe mí, mo máa ń fún wọn lé e. Ẹsẹ̀ wọn kàn ń wú díẹ̀ ni. Ti eyín, mo ti ṣètò ẹ̀: bí wọ́n bá fọ ẹ̀jẹ̀ tán láàárọ̀ Ìṣẹ́gun, ọ̀sán la máa yọ ọ́, owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀kan.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ọjọ́ kan náà kẹ̀? Wọ́n máa ń fi òògùn heparin sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ kó má baà dì nínú ẹ̀rọ. Bí ẹ bá yọ eyín lọ́sàn-án yẹn, ẹ̀jẹ̀ lè má dá! Ọjọ́ kejì ló dáa. Kí dókítà eyín kọ́kọ́ bá dókítà kíndìnrín sọ̀rọ̀. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ nípa ẹsẹ̀ tó ń wú. Ẹ má fi omi kún un mọ́. Kí bàbá fi omi tútù ṣan ẹnu, kí wọ́n tu ú dànù. Ṣingọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà náà máa ń pe itọ́.

Ìyàwó Àkọ́bí: Mo ti pe àwọn eléyín, ó di Ọjọ́rú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ta ló máa san owó ọkọ̀ kejì.

Màmá Ìbejì: Àwọn tó ni bàbá!

Ìyàwó Àkọ́bí: Ṣingọ́ọ̀mù tí àwọn ọmọ mi ń jẹ ńkọ́, ṣé ó lè ṣe é?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ṣúgà ló kún inú ìyẹn. Ẹ béèrè èyí tí kò ní ní ilé òògùn.