Ìbejì ni wọ́n, òfin wọn kò dọ́gba: kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 15 ni àwọn ìbejì mi, Táyé ọkùnrin, Kẹ́yìndé obìnrin. Apá Campos níbí ní Erékùṣù Èkó là ń gbé. Bàbá wọn ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ò gbọdọ̀ bá Kẹ́yìndé níta. Táyé ń gbá bọ́ọ̀lù di aago mẹ́sàn-án, ẹnì kan ò bi í.

Tẹ́lẹ̀, Táyé máa ń fọ abọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "ìyàwó ilé", ló bá jáwọ́ pátápátá. Ẹgbẹ́ Kẹ́yìndé ní tiwọn ti kọ́ ọ ní irọ́: á ní lẹ́sìnì lòun ń lọ, ilé ọ̀rẹ́ ló máa jókòó sí. Nígbà tí mo bá a wí, ó ní, "Màámi, ṣebí èmi ni ẹ̀gbọ́n? Èmi ni mo rán Táyé pé kó wá tọ́ ayé wò. Ṣé òun nìkan ló máa jẹ ayé ọ̀hún ni?" Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí, àmọ́ mi ò rí èsì fún un.

Mo bá bàbá wọn sọ ọ́ ní yàrá, ó ní ọkùnrin kì í gboyún wálé. Bí ẹni pé oyún ń jábọ́ láti ojú ọ̀run! Mo bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀ ló wà. Mo gba fóònù Kẹ́yìndé, irọ́ ò dín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́ ọkùnrin àti obìnrin pọ̀, kí lẹ sọ fún ọkọ yín tó fi gbà kí aago ìwọlé àti iṣẹ́ ilé dọ́gba fáwọn méjèèjì, tí kò fi dà bíi pé ẹ ń ta kò ó lójú ọmọ?