Ọmọ mi ọkùnrin ti yí padà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Sinmi:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú alẹ́ o. Ẹ má bínú pé mo ń yọ yín lẹ́nu lóru, oorun ò kun ojú mi. Ọmọ mi ọkùnrin ni. Ọmọ tó máa ń dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí onílé kí àlejò, ẹnu ọ̀nà ló ti ń sọ "ẹ káàárọ̀" báyìí, bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Tó bá ti dé láti iléèwé, yàrá ló kàn, á tìlẹ̀kùn, á ki earpiece bọ etí. Oúnjẹ tí mo gbé sílẹ̀ á tutù síbẹ̀. Mo gba fóònù, kò yí padà. TikTok yìí ni mo fura sí, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta kan tí irun wọn rí jágajàga. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá ń pariwo káàkiri ẹbí pé èmi ni mo kẹ́ ẹ bàjẹ́, òun tí ọmọ tirẹ̀ ń ṣe JAMB lẹ́ẹ̀kẹta! Ṣé kí n kó ọmọ yìí lọ sọ́dọ̀ ìyá mi l'Ọ́yọ̀ọ́ ni?

Tíṣà Àgbà:
Màmá, ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ ti ròyìn irun àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún wa, àmọ́ ẹ ò sọ ọjọ́ orí ọmọ, ẹ ò sọ kíláàsì tó wà, ẹ ò sì sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, àgbà ló ń dà. Èyí tó yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nǹkan ló ṣe é. Èwo ni tirẹ̀?

Alájà Ọjà'ba:
Tíṣà àti gírámà! Ẹ gba fóònù yẹn títí yóò fi parí WAEC. Ọmọ tí a ò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Bọ̀dá Fóònù:
Alájà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bá gba fóònù rẹ̀, ti ọ̀rẹ́ ló máa yá. Á ṣí àkáǹtì tí òbí ò mọ̀, á sì purọ́ ọjọ́ orí. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. TikTok kì í jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ tí kò tíì pé 16, àkáǹtì rẹ̀ sì máa ń wà ní títì fún àjèjì. Tó bá ti kọ ọ́ pé ẹni 20 lòun, ààbò yẹn ti lọ. Ẹ dá fóònù padà, kí ẹ jọ jókòó tì í. Ẹ ṣí TikTok lórí fóònù méjèèjì, ẹ wọ Settings and privacy, ẹ tẹ Family Pairing. Ẹ yan Parent lórí tiyín, Teen lórí tirẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀kan ka kóòdù tó jáde lórí èkejì. Níbẹ̀ lẹ ó ti dín wákàtí kù. Tí Android bá ni, tí òun náà bá sì gbà, Family Link, áàpù Google fún òbí, lè máa ti fóònù láago mẹ́sàn-án alẹ́. Ohun tó sábà ń bà á jẹ́ ni kí òbí lọ ṣe é ní kọ̀rọ̀. Ọmọ á kúkú rí i.

Ìyá Sinmi:
Ọmọ 15 ni, SS1 ló wà. Bọ̀dá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn gan-an ni n ò fẹ́. Mo ti kìlọ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ tẹ ilé mi mọ́.

Ẹ̀gbọ́n Akọrin:
Ẹ pè wọ́n wá ni! Ọ̀rẹ́ tí ẹ lé kúrò níwájú yín, ẹ̀yìn yín ni wọ́n á ti máa pàdé. Ẹ se ìrẹsì lọ́jọ́ Sátidé, ẹ tan bọ́ọ̀lù fún wọn, ẹ má jókòó tì wọ́n, ẹ kàn máa lọ máa bọ̀. Kí wákàtí méjì tó pé, ẹ ó mọ ẹni tó ń pàṣẹ fún wọn àti ẹni tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín. Ẹ gba nọ́ńbà ìyá wọn. Irun ò sọ nǹkan kan. Owó tó ju ọwọ́ ọmọdé lọ ni kí ẹ máa ṣọ́, àti iléèwé tí wọn kì í lọ. Kí ẹ sì wá agbo mìíràn kún un: ẹgbẹ́ akọrin ni o, ilé kéú ni o, pápá bọ́ọ̀lù ni o. Ọmọ tó ní agbo kan ṣoṣo, ohun tí agbo náà bá ní kó ṣe ló máa ṣe, torí tí wọ́n bá lé e, kò níbi tó ń lọ.

Alájà Ọjà'ba:
Ẹ ó ra mínírà lé ìrẹsì náà fún wọn ni?

Ẹ̀gbọ́n Akọrin:
Bẹ́ẹ̀ ni, Alájà. Kó sì tutù.

Tíṣà Àgbà:
Màmá, ẹ ò tíì dá mi lóhùn o. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Sinmi:
Bí ìparí táàmù tó kọjá. Ó gbé òdo wálé nínú màtímátíìkì. Mo ní kó kúnlẹ̀ kó gbé ọwọ́ sókè, mo ya fídíò rẹ̀, mo gbé e sí status WhatsApp mi kí ojú lè tì í. Ìyá wo ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí mo fi pa á rẹ́. Fídíò náà gan-an kò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Tíṣà Àgbà:
Ibi tí ẹjọ́ wà nìyẹn. Ẹ gbé TikTok kúrò níbẹ̀ ná. Ní 2005, àwọn olùṣèwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Margo Gardner àti Laurence Steinberg, ní kí àwọn ọmọ 13 sí 16 àti àwọn àgbàlagbà ta géèmù ọkọ̀ wíwà. Bí ẹgbẹ́ ọmọ bá dúró tì í, ewu tó ń kó pọ̀ ju ìgbà tó dá ta á lọ. Àgbàlagbà, ẹgbẹ́ wà o, ẹgbẹ́ ò sí o, bákan náà ni. Ojú ẹgbẹ́ wúwo lára ọmọ 15 ju bó ṣe wúwo lára èmi àtẹ̀yin lọ. Ìbáwí tí ẹ ṣe ní pálọ̀ á tán ní pálọ̀. Èyí wọ kíláàsì. Ta ló wà lórí fóònù yín tí ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀?

Bọ̀dá Fóònù:
Status kì í pé ju wákàtí 24 lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbà á sílẹ̀ ti gbà á nìyẹn, pípa tí ẹ pa á rẹ́ kò kàn án. Tí wọ́n bá ti gbé e sí gúrúùpù, ó lé díẹ̀ ní ọjọ́ méjì ni WhatsApp fi àyè sílẹ̀ láti pa á rẹ́ fún gbogbo èèyàn, ó sì ti kọjá. Ó ku kí wọ́n pa á rẹ́ lórí fóònù kọ̀ọ̀kan.

Nọ́ọ̀sì Bùṣírá:
Oúnjẹ tó ń tutù yẹn ló kàn mí. Ṣé ó ń rù? Ṣé ó ń sùn? Wákàtí 8 sí 10 ni ọjọ́ orí rẹ̀ nílò. Ṣé ó ń fi ẹrù rẹ̀ tọrẹ, àbí ó ti sọ pé ayé sú òun? Tí ọ̀kan nínú méjì tó gbẹ̀yìn yìí bá wà, ẹ má dúró de ìmọ̀ràn wa, ilé ìwòsàn ni lọ́la. UCH n'Íbàdàn ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́, ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò l'Ábẹ́òkúta náà wà.

Ìyá Sinmi:
Kò sọ irú ẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí Sinmi, mo bi í. Ó ní "Kúnlẹ̀" ni gbogbo kíláàsì ń pe ẹ̀gbọ́n òun láti ìgbà náà, àti pé àwọn onírun jágajàga yẹn nìkan ni kì í pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo bí i o.

Alájà Ọjà'ba:
Ìyá Sinmi, nǹkan tí ẹ ò sọ látàárọ̀ nìyí?

Tíṣà Àgbà:
Ẹ gbàgbé Ọ̀yọ́. Tí ẹ bá kó o lọ síbẹ̀, ẹ ti gba ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó kù fún un lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Lọ́la, nígbà tí ẹ bá jọ ń sá aṣọ tàbí ẹ jọ ń lọ nínú ọkọ̀, ẹ má wò ó lójú kòrókòró, ẹ sọ pé: "Fídíò yẹn, kò yẹ kí n gbé e jáde. N ò tún ní gbé irú ẹ̀ jáde mọ́." Kó mọ síbẹ̀. Ẹ má fi "ṣùgbọ́n ìwọ náà" kún un, màtímátíìkì dọjọ́ mìíràn. Tí kò bá fèsì, ẹ máa sá aṣọ yín lọ. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ nìkan ni kí ẹ lọ rí tíṣà olùdámọ̀ràn. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó má sọ ọ́ lórí àsẹ́ḿbílì o, kó pe àwọn tí fídíò náà wà lórí fóònù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n pa á rẹ́ lójú rẹ̀.

Ìyá Sinmi:
Ti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá ńkọ́?

Tíṣà Àgbà:
Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tó ń rí status yín ná.