Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta kì í ní bárakú

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn. Nínú àkójọ ọ̀rọ̀ ìṣègùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ pe ohun tó ń ṣe ọmọ tuntun tí ìyá rẹ̀ lo tramadol tàbí kódíìnì nínú oyún ní "bárakú àbímọ́". Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi ò pàtẹ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká tú u. Bá-ara-kú. Ohun tó bá ti bá ara kú, òun àti ara ni wọ́n jọ ń wọ ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí sìgá fi ń di bárakú fún bàbá arúgbó, tí a sì ń pe ikọ́ fée ní àìsàn bárakú. Ọmọ tí wọ́n bí lánàá, ìgbà wo ló jókòó ti nǹkan tó fi di bárakú fún un? Ìwọ́ ni oògùn gbà wọlé sí i lára. Wọ́n gé ìwọ́, oògùn dá, ara ń wá a. Kò lọ rà á ní kẹ́míìsì, kò jí owó ẹnikẹ́ni. Ẹ tún wá so "àbímọ́" mọ́ ọn, bíi ti ìwà tí omi ò lè fọ̀! Àìkúrò méjì lórí ọmọ kan ṣoṣo.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ọdún kọkàndínlógún rèé ní Abuja. Ìyá ọmọ kan wà tí ẹ̀yìn ń ro nínú oyún, tí ẹnì kan sì ń ta tramadol fún un títí ó fi bímọ. Lọ́jọ́ kejì ni ọmọ bẹ̀rẹ̀: ẹkún tín-ín-rín bíi fèrè, ọwọ́ ń gbọ̀n, ó ń sín léraléra, ẹnu ń wá ọmú kiri, ó bá a tán, ó tún jù ú sílẹ̀. Ìyá àgbà tó wá láti Ọ̀ffà bi wá pé kí ló dé. Ọ̀rọ̀ yín ò tíì jáde nígbà náà, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kékeré kan ti ronú bíi tiyín. Ó ní, "Bárakú ni, Mama." Màmá yọ ọwọ́ lára ọmọ, wọ́n fi í sí abẹ́ abíyá. Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò létí wọn.

Ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 2023, ilé ìwòsàn 26, ọmọ tó lé ní 1,300. Dípò kí wọ́n máa ka máàkì fún gbígbọ̀n àti sísín, ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wò: ṣé ọmọ ń jẹun, ṣé ó ń sùn, ṣé ẹkún rẹ̀ ṣeé rẹ̀. Ní ìpíndọ́gba, ọjọ́ 8.2 ni àwọn wọ̀nyí fi yẹ fún ilé. Àwọn tí wọ́n tọ́jú bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ọjọ́ 14.9. Bárakú wo ló ń kẹ́rù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì? Ìkẹta yẹn sì rèé, orúkọ tí à ń sọ ọmọ ni: Rẹ̀mílẹ́kún.

Èmi dábàá ìjálẹ́nu. A máa ń já ọmọ lẹ́nu ọmú. Èyí, oògùn la já a lẹ́nu rẹ̀, lójijì, láìsí ewúro kankan lórí ọmú. Ẹ dáhùn lóru àná pé ọmọ ò fi ẹnu gbà á, pé "lẹ́nu" ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ẹnu wo ni iṣẹ́ náà ní?

Ẹ tún ní ará Kabba bíi tèmi ò lè kọ́ ọmọ Ọ̀yọ́ bíi tiyín ní Yorùbá. Ó dáa. Agbẹ̀bí ni ìyá mi àgbà, wọn kì í dárúkọ àìsàn lórí ọmọ tí kò tíì gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Ẹ lọ bi àwọn tiyín. Ọ̀rọ̀ yìí á sì di lílò lemọ́lemọ́: ìwádìí 2018 tí UNODC, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oògùn olóró, àti NBS, àjọ ìṣirò ìjọba Nàìjíríà, ṣe ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.6 ènìyàn ló lo irú oògùn yìí ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan láìsí ìlànà dókítà. Obìnrin wà nínú wọn.

Ó ku "ìbòjú" tí ẹ ní ká máa pe ojú tó ń funfun (cataract). Ọ̀rọ̀ ńlá ni o, nítorí nínú ìwádìí ojú tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà láti 2005 sí 2007, òun ló fọ́ ojú nǹkan bíi 43 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà tí kò ríran. Ṣùgbọ́n kò sí aṣọ kankan tí dókítà ń ká kúrò. Dígí inú ẹyinjú fúnra rẹ̀ ló ti di bàìbàì. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi ti oníke sí i, bí Harold Ridley, dókítà ojú, ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní London ní 1949. Àwọn Haúsá tí a jọ ń gbé náà ò ṣe ju "yanar ido", òwú ojú, lọ. Yana yẹn náà ni wọ́n mú tí wọ́n fi pe íntánẹ́ẹ̀tì ní "yanar gizo", òwú aláǹtakùn. Wọn ò jà.

Tí ìbòjú bá sì dá yín lójú, ẹ gbé e dé Ìlọrin, kí ẹ sọ fún ọkọ ẹlẹ́hàá kan pé dókítà ti yọ ìbòjú ìyàwó rẹ̀. Èmi ò ní sí níbẹ̀.